Mò ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní abúlé apẹja Skọ́tláńdì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Gègé Wúrà

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará. Ìtàn àròsọ kan wà lọ́wọ́ mi. Ibùdó ìtàn náà ni abúlé apẹja kan ní etí òkun àríwá ìlà-oòrùn Skọ́tláńdì, láàárín Fraserburgh àti Buckie. Ẹ ò ní rí abúlé náà nínú máàpù, èmi ni mo dá a sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí: àwọ̀n ọkọ̀ ìpẹja kan wọ́ òkú ọkùnrin kan wá láti ìsàlẹ̀ òkun. Ọ̀gá ọkọ̀ ní kí wọ́n dá a padà sómi, kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ síta. Ọmọbìnrin Yorùbá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé ẹja wá gbọ́ fìnrín-fìnrín rẹ̀. Fàyàwọ́ ń bẹ nínú rẹ̀, lílé-ẹni-bá lórí omi náà ń bẹ nínú rẹ̀.

Mo ti kọ orí mẹ́ta, àmọ́ kùrukùru ló pọ̀ níbẹ̀ ju ènìyàn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lọ́hùn-ún, ẹ̀yin agbẹjọ́rò, ẹ̀yin tí ẹ mọ òkun, kí ni kí n fi kún un, kí ni kí n gé dànù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ kọ nípa Èkó. Mo ti gbọ́ ìyẹn lẹ́nu ìyàwó mi.

Ìyá Peterhead

Gègé Wúrà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Peterhead ni mò ń gbé, ẹja ló sì ń bọ́ mi. Ẹ̀ ń wá ọ̀daràn kiri inú kùrukùru, bẹ́ẹ̀ orí òṣùwọ̀n àti inú ìwé ni ọ̀daràn ibí ń gbé.

Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìpín tirẹ̀, iye tọ́ọ̀nù ẹja tí òfin gbà á láyè láti pa lọ́dún. Èyí tó bá lé, tí wọ́n bá já a sílẹ̀ láìkọ ọ́, ẹja dúdú ni wọ́n ń pè é. Láàárín 2002 sí 2005, tìtùs àti ṣàwà tí owó rẹ̀ tó £63 mílíọ̀nù ló gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé ní Lerwick àti ní Peterhead níbí. Páìpù wà lábẹ́ ilẹ̀. Òṣùwọ̀n ìkọ̀kọ̀ wà. Kọ̀ǹpútà kan ń fi iye irọ́ han olùbẹ̀wò ìjọba, òmíràn ń ka òótọ́ níbi tí ojú ò tó. Ní February 2012, ilé ẹjọ́ gíga ní Glasgow bu owó ìtanràn fún ọ̀gá ọkọ̀ 17. Kì í ṣe jàǹdùkú o. Àwọn tí ìlú ń bọ̀wọ̀ fún ni, tí àwọn ọmọ kéékèèké ń fẹ́ dà bíi tiwọn.

Nítorí náà, kí ẹ tó wá ẹni tó pa ọkùnrin yẹn, ẹ kọ́kọ́ wá ohun tí gbogbo abúlé mọ̀ tí wọn kì í sọ. Ẹni tó ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń da yìnyín mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń kó sínú páálí rí i pé páálí pọ̀ ju ìwé lọ. Kò sí ẹni tí a ní kó dákẹ́, oúnjẹ gbogbo wọn ló wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin Yorùbá yín á ti wúlò, nítorí pé òun nìkan ni kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àna nínú ọkọ̀ kankan.

(Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ tìtùs àti ṣàwà nílé, ọ̀pọ̀ ẹja omi ibí ló ti wọ Nàìjíríà nínú yìnyín. Ẹ lè fi páálí kan sínú ìtàn yín tí wọ́n kọ Lagos sí lára. Kò ní jẹ́ irọ́.)

Atúkọ̀ Ìlàjẹ

Ìyá Peterhead ti sọ tiwọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti omi.

Àkọ́kọ́, lílé-ẹni-bá. Ọkọ̀ ìpẹja kì í sáré. Ọ̀pọ̀ wọn kì í kọjá nọ́ọ̀tì mẹ́wàá, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ lójú títì lè bá a dọ́gba. Bí méjì irú rẹ̀ bá ń lé ara wọn, ọ̀sán lè pọ́n kí wọ́n tó pàdé. Ẹ má fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ọlọ́ṣà inú fíìmù sí i lára. Ẹ lo ìrìn wọ́ọ́rọ́wọ́ yẹn bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ọ̀gá ọkọ̀ méjèèjì jọ lọ ilé ìwé kan náà, wọ́n ń rí iná ara wọn, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ọ̀kan ń bẹ̀, èkejì ń halẹ̀. Ìyẹn á dun òǹkàwé ju ìbọn lọ.

Èkejì, omi tó ń kún tó ń fà. Ọ̀pọ̀ èbúté kékeré etí òkun yẹn ni omi máa ń fà kúrò nínú rẹ̀ títí ọkọ̀ á fi jókòó sórí ẹrẹ̀. Bíi wákàtí mẹ́fà ló wà láàárín ìgbà tó kún àti ìgbà tó fà. Ọ̀daràn tó bá dé nígbà tí omi ti lọ kò lè wọlé. Á dúró níta, gbogbo ìlú á máa wò ó láti ojú fèrèsé, ọlọ́pàá náà á sì mọ aago tí omi ń padà bọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ tó ń tú àṣírí. Ọkọ̀ ìpẹja tó gùn ju mítà 15 lọ gbọ́dọ̀ gbé AIS, tó ń kéde ibi tó wà, ẹnikẹ́ni sì lè wò ó lórí fóònù. Ìyàwó ọ̀gá ọkọ̀ lè wà nídìí ìkòkò ọbẹ̀ kó rí i pé àmì ọkọ̀ bàbá ilé pòórá fún wákàtí méjì, kó tún yọ níbòmíràn. Ẹ fi obìnrin yẹn ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yín. Ó mọ ìgbà tí ọkọ òun máa ń pe ilé, ó mọ iye epo tó rà, ó sì mọ èwo nínú irọ́ rẹ̀ ló jẹ́ tuntun.

Agbẹjọ́rò Glasgow

Ẹ kú ìjíròrò o. Gègé Wúrà, ẹ má gbé òfin London lọ sí Skọ́tláńdì. Òfin ibí yàtọ̀, àwọn tó ń kọ ìtàn láti òkèèrè sì máa ń ṣubú síbẹ̀.

Kò sí coroner. Bí ikú kan bá rú ènìyàn lójú, procurator fiscal ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba ni, òun ló sì ń darí ọlọ́pàá nínú ìwádìí, òun ló ń pinnu bóyá ẹjọ́ á wà. Bí ènìyàn bá kú lẹ́nu iṣẹ́, ìjókòó ìwádìí kan wà tí wọ́n ń ṣe níwájú adájọ́ tí wọ́n ń pè ní sheriff, ìta gbangba ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ìyẹn gan-an ló lè jẹ́ orí tó dára jù nínú ìwé yín: gbogbo abúlé nínú yàrá kan, olúkúlùkù wọn ń búra kó tó sọ ohun tó fẹ́ kó jẹ́ òótọ́. Ẹ̀ka ìjọba mìíràn, MAIB, tún máa ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ ojú omi, àmọ́ wọn kì í wá ẹlẹ́bi. Ohun tó fà á ni wọ́n ń wá. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan àti ẹnjiníà kan lè máa yẹ ọkọ̀ kan náà wò, kí ohun tí wọ́n ń wá má pàdé ara wọn rárá.

Ti ilé ẹjọ́ ńkọ́? Ará ìlú 15 ló máa ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn ńlá níbí, kì í ṣe 12. Àbájáde mẹ́ta ló wà tipẹ́: ó jẹ̀bi, kò jẹ̀bi, àti èyí tó wà láàárín, not proven, tó ń tú ènìyàn sílẹ̀ láìfọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Ní 2025 ni ilé aṣòfin dìbò láti mú ẹ̀kẹta yẹn kúrò, nítorí náà ẹ ṣọ́ ọdún tí ìtàn yín bọ́ sí. Àmọ́ èyí tó ń bọ̀ yìí ni kí ẹ gbé sọ́kàn jù. Ẹ̀rí kan ṣoṣo kì í tó dá ènìyàn lẹ́bi ní Skọ́tláńdì. Ọ̀nà méjì tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rí gbọ́dọ̀ ti wá. Bí ọmọbìnrin yín bá rí apànìyàn náà pẹ̀lú ojú rẹ̀ kedere, tí kò sí ohun mìíràn, ẹjọ́ kò lè dúró. Ìwé yín látòkè délẹ̀ lè jẹ́ wíwá ẹnì kejì.

Òǹkàwé Òru

Èmi kì í kọ̀wé, mo kàn ń kà á ni, nítorí náà ẹ gbà mí láàyè kí n ṣàròyé. Ẹ jọ̀ọ́, kùrukùru tó gẹ́ẹ́. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, haar ni wọ́n ń pè é, láti òkun ló ti ń wọlé ní ìgbà ìrúwé àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Lo ó lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnì kan ṣìnà nítorí rẹ̀, kó tán. Bákan náà ni ìyá arúgbó tó ń rí ìran. Gbogbo ìwé irú èyí ló ní ọ̀kan.

Ohun tí mo fẹ́ ni èèwọ̀ àwọn apẹja. Ìyẹn ni àwa Yorùbá máa lóye láìsí àlàyé. Ní àwọn abúlé yẹn, àwọn àgbà kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹlẹ́dẹ̀ nínú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ehoro, bẹ́ẹ̀ ni ẹja salmon, bẹ́ẹ̀ ni àlùfáà ìjọ. Wọ́n á pè é ní nǹkan mìíràn. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì dárúkọ rẹ̀, wọ́n á yára fọwọ́ kan irin tútù. Ẹ rò ó wò: ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó sọ pé láti ìdílé apẹja ni òun ti wá, tó jókòó sínú ọkọ̀, tó ní òun jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ láàárọ̀, tí kò sì na ọwọ́ sí irin. Ọ̀gá ọkọ̀ á ti mọ̀ pé irọ́ ni.

Ìyá Peterhead

Òǹkàwé Òru, ẹ ò purọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi rẹ́rìn-ín báyìí, àmọ́ wọn ò jẹ́ sọ ọ́ nínú ọkọ̀ bàbá bàbá wọn.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ orúkọ kún un. Ní Buckie, Findochty, Portknockie àti àwọn abúlé tó yí wọn ká, orúkọ ìdílé kò pọ̀. Smith, Cowie, Flett, Mair, Slater, wọ́n á kún ojú pópó kan. Bí ọkùnrin mẹ́wàá bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, inagijẹ ìdílé ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀, tee-name ni wọ́n ń pè é. Láti bàbá sí ọmọ ló ń lọ, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba rí nítorí kí wọ́n lè mọ ta ni ta ni. Ọlọ́pàá tó wá láti ìlú ńlá tó ní òun ń wá James Smith, ibo ló fẹ́ kí a mú u lọ? Kò sí irọ́ nínú kí ènìyàn ní òun kò mọ̀ ọ́n.

Ilé náà ńkọ́? Ẹ lọ wo àwòrán abúlé Crovie. Ìlà ilé kan ṣoṣo láàárín òkè àti òkun, ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọ́n kọ sí òkun kí ìjì má baà rí ojú wọn. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò lè gba iwájú ilé kọjá, ọmọlanke ni wọ́n fi ń ti ẹrù. Ìjì January 1953 ba ilé jẹ́ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ sì kó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé òkú tàbí kokéènì gba ibẹ̀ lóru, ẹnu ọ̀nà gbogbo aládùúgbò ló máa gbà kọjá, pẹ̀lú ọmọlanke tí táyà rẹ̀ ń han.

Baba Òṣogbo

Ọmọ mi, o ní ká má sọ ọ́, mo máa sọ ọ́ díẹ̀. Òkun ń jẹ Àyétòrò lọ lójú wa. Ta ló ń kọ ìtàn ìyẹn?

Gègé Wúrà

Baba, ẹ ṣé. Ìwé kejì nìyẹn, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá wà ní Skọ́tláńdì, wọ́n sì fẹ́ ka ìtàn ibi tí wọ́n ń gbé ní èdè wọn.

Mo ní ìbéèrè kan sí i. Ṣé kí fàyàwọ́ náà jẹ́ ti ayé àtijọ́ ni, tàbí ti òde òní? Mo ń fẹ́ nǹkan tó ní ìrìn àjò nínú, kì í ṣe ìwé òṣùwọ̀n nìkan.

Òpìtàn Kékeré

Mo ti ń dúró de ìbéèrè yìí.

Tíì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe kokéènì. Láàárín ọdún 1700 sókè, owó ibodè lórí tíì ga débi pé ó lé ní iye tí tíì fúnra rẹ̀ ń tà. Ní Eyemouth, ìlú apẹja kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Skọ́tláńdì, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ John Nisbet kọ́ ilé ńlá sí ojú èbúté gan-an. Gunsgreen House ni, ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, ihò ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ń da tíì sí sì wà nínú ògiri rẹ̀. Ojú kọ́sítọ̀mù ló kọ́ ọ sí! Ní 1784 ìjọba já owó ibodè náà láti 119% wá sí 12.5%, ọjà sì bàjẹ́ mọ́ àwọn onífàyàwọ́ lọ́wọ́. Bí ẹ bá kọ ìtàn sí ọdún yẹn, ẹ ti ní ọkùnrin olówó kan tí ìjọba fi gègé kan sọ di tálákà.

Ní Wick, lókè pátápátá ní àríwá, àwọn ará ìlú dìbò pé kí ṣọ́ọ̀bù ọtí kógbá sílé. Láti 1922 sí 1947 ni kò fi sí ọtí títà ní ìlú tó ti kún fún apẹja tó sì ti kún fún ọtí. Ẹ kò nílò kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóru. Ní February 1941 sì rèé, ọkọ̀ SS Politician forí sọ àpáta nítòsí erékùṣù Eriskay pẹ̀lú ìgò wísíkì bíi 260,000. Ogun ń lọ, ọtí ti wọ́n. Àwọn ará erékùṣù wọ ọkọ̀ kéékèèké lọ kó o, kọ́sítọ̀mù sì lé wọn wọ ilé, àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n. Owó bébà Jamaica náà wà nínú ọkọ̀ yẹn, èyí tí àwọn tó ń sọ ìtàn wísíkì kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí. Ẹ̀bùn ńlá ni fún òǹkọ̀wé tó bá gbọ́n.

Àmọ́ Ullapool, ìlú èbúté kékeré kan ní àríwá ìwọ̀-oòrùn, ni mo máa gbé yín lọ, bó bá jẹ́ pé èmi ni. Láti nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1970 títí wọ inú àwọn ọdún 1990, ọkọ̀ ńláńlá láti Soviet, Jámánì Ìlà-Oòrùn àti Bulgaria máa ń wá dúró sí Loch Broom, apá òkun tó wọ inú ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń ra tìtùs lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ Skọ́tláńdì, wọ́n ń ṣètò rẹ̀ lórí omi níbẹ̀. Klondykers ni ìlú ń pè wọ́n. Ẹ fojú inú wo ìlú tí ènìyàn rẹ̀ kò pé ẹgbẹ̀rún méjì, kí atukọ̀ tó pọ̀ jù wọ́n lọ máa sọ̀kalẹ̀ wá ra ohun àlòkù, kí Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn máa fojú burúkú wo ara wọn ní gbogbo àgbáyé, kí wọ́n sì máa dúnàádúrà ẹja pẹ̀lú ìka ọwọ́ nínú ọkọ̀ kan. Ní òpin 1990, ìdajì tọ́ọ̀nù kokéènì gúnlẹ̀ ní etíkun àdádó kan ní àríwá Ullapool. Nínú January 1991 ni wọ́n mú àwọn tó ń gbé e, iye rẹ̀ tó £100 mílíọ̀nù, Operation Klondyke ni wọ́n sọ ìwádìí náà. Ìrìn àjò tí ẹ ń wá wà níbẹ̀: òkè, ọ̀nà tóóró, ọkọ̀ akẹ́rù kan lójú títì tí kò ní ẹ̀ka, àjèjì tó pọ̀ débi pé ojú tuntun kò jọ ẹnikẹ́ni lójú.

Ti òde òní náà wà. Ní April 2015 wọ́n dá ọkọ̀ kan dúró ní ìlà-oòrùn Aberdeen, kokéènì tó ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ ni wọ́n tú jáde nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbami ni ìyẹn ti ṣẹlẹ̀, kò kan abúlé. Fún ìtàn abúlé, mi ò ní lò ó.

Atúkọ̀ Ìlàjẹ

Òpìtàn, ẹ ṣeun, àmọ́ fàyàwọ́ tí kò ní kokéènì nínú ló dùn jù lójú tèmi. Ẹ ti gbọ́ ti àwọn tó ń fi iná mànàmáná pa razor clam? Wọ́n á wọ́ irin tó ní iná kọjá lórí yanrìn ìsàlẹ̀ òkun, ìṣáwùrù gígùn yẹn á jáde fúnra rẹ̀, òmùwẹ̀ á máa tẹ̀lé e lẹ́yìn, á máa ṣà á. Ọdún púpọ̀ ni òfin fi kà á léèwọ̀ pátápátá, kó tó di pé ìjọba Skọ́tláńdì ṣí ètò ìdánwò kan fún àwọn díẹ̀ ní 2018. Iná àti òmùwẹ̀ nínú omi kan náà. Òkú inú ìtàn yín lè ti ibẹ̀ wá, kó má jẹ́ pé ẹnì kankan fẹ́ pa á.

Ó ku ọ̀rọ̀ òkú fúnra rẹ̀. Bí àwọ̀n bá gbé òkú, ọ̀gá ọkọ̀ á pe Coastguard, àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun, lórí rédíò. Channel 16 ni gbogbo ọkọ̀ ń gbọ́, tọ̀sán-tòru. Kí ọlọ́pàá tó wọ bàtà, èbúté mẹ́rin ti mọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ tó bá dákẹ́, kì í ṣe ọlọ́pàá ló ń sá fún. Àwọn ọkọ̀ yòókù ni.

Òǹkàwé Òru

Háà. Ìlà yẹn nìkan tó orí kan.

Ìyá Peterhead

Ẹ má gbàgbé àwọn tó ń fa àwọ̀n. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ níbí, ọmọ Gánà àti ọmọ Filipíìnì ló ń ṣiṣẹ́ náà. Àwọn mìíràn wọlé pẹ̀lú físà ìrékọjá, tó túmọ̀ sí pé lórí ìwé, wọ́n kàn wá wọ ọkọ̀ tó ń jáde lọ ni, òkun tó jìn ju máìlì 12 lọ sí etíkun ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń sùn bó bá wà ní èbúté. Ẹni tó bá rí òkú náà, tó bá sọ̀rọ̀, ọ̀gá tó ń sanwó fún un ni ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kejì tí Agbẹjọ́rò Glasgow ní kí ẹ máa wá nìyẹn. Ọmọbìnrin Yorùbá yín ń sọ pijin tó jọ ti Gánà, ó ń se ọbẹ̀ ata, ó lè gbé abọ́ lọ sí èbúté ní alẹ́ Sátidé. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ Gánà náà jẹ́ ẹni mímọ́ o. Kó ní ìdí tirẹ̀ láti purọ́.

Gègé Wúrà

Ẹ̀yin ará, orí mi ti kún. Mo ti pinnu: 2004, ọdún kan kí òfin tó ní kí gbogbo ẹni tó ń ra ẹja tó ń tà á forúkọ sílẹ̀ tó dé. Ọmọbìnrin náà, Mórẹ́nikẹ́, ń kó ẹja sínú páálí, ó rí i pé ìwé sọ 40 tọ́ọ̀nù, páálí inú yàrá òtútù sì lé ní 60. Òkú náà ni awakọ̀ akẹ́rù tó béèrè owó ìdákẹ́jẹ́. Ọkọ̀ tó ń pa tìtùs náà ló wá gbé òkú rẹ̀ sókè.

Atúkọ̀ Ìlàjẹ

Ìyẹn ò ní ṣeé ṣe. Ọkọ̀ tó ń pa tìtùs kì í wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun, àárín omi ni tirẹ̀ ń rìn, ẹ̀rọ ló sì fi ń fa ẹja láti inú àwọ̀n wọ inú ọkọ̀. Òkú tó ti rì, ọkọ̀ tó ń pa haddock àti cod, àwọn ẹja ìsàlẹ̀ òkun, ló máa gbé e. Ọkọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀gá méjì.

Bó bá sì jẹ́ 2004, ẹ yọ AIS orí fóònù tí mo sọ kúrò. Àwọn ọkọ̀ ìpẹja kò tíì gbọ́dọ̀ gbé e nígbà yẹn. Sátẹ́láìtì ìjọba ti ń ṣọ́ àwọn ọkọ̀ ńlá, àmọ́ ìyàwó kò lè rí ìyẹn láti ilé ìdáná. Rédíò ni kí obìnrin náà máa tẹ́tí sí.

Agbẹjọ́rò Glasgow

Ẹ yọ Police Scotland náà bí ẹ bá ti kọ ọ́. April 2013 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ní 2004, Grampian Police ló ni agbègbè yẹn. Not proven ṣì wà digbí nígbà náà, ẹ lè fi tú ẹnì kan sílẹ̀ ní orí tó gbẹ̀yìn kí òǹkàwé máa bú yín. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Peterhead náà ṣì ń ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1888 kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n lè máa fi òkúta mọ odi ńlá èbúté náà. 2013 ni wọ́n tì í pa. Ọ̀gá ọkọ̀ yín lè máa gba ẹ̀yìn odi tí ẹlẹ́wọ̀n mọ wọlé ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

Gègé Wúrà

Ọ̀gá méjì? Bó bá jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ńkọ́? Ọ̀kan ń pa tìtùs, èkejì ń pa haddock?

Ìyá Peterhead

Ẹ ti rí i. Ọdún yẹn gan-an ni nǹkan le fún àwọn tó ń pa ẹja funfun, ìyẹn haddock àti cod. Cod ti dín kù, ìpín wọn ti kéré, ìjọba sì ti san owó lẹ́ẹ̀mejì, ní nǹkan bí 2001 àti 2003, fún ẹni tó bá gbà kí wọ́n lọ fọ́ ọkọ̀ rẹ̀ dànù. Àwọn ọkọ̀ tó dára, ẹ lọ wò wọ́n níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ya wọ́n. Àwọn olówó tìtùs sì ń kan ọkọ̀ tuntun lásìkò kan náà.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ni ó ń pa haddock. Òun ló tọ́ àbúrò lẹ́yìn tí bàbá wọn bá omi lọ, òun ló kọ́ ọ níṣẹ́. Òkú wá wọ inú àwọ̀n ẹ̀gbọ́n. Ó mọ awakọ̀ náà, ó mọ ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ẹja fún, ó sì mọ ẹni tó ni ẹja. Gbèsè báńkì ọkọ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀, àbúrò rẹ̀ ló sì ń bá a san án. Kò tíì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ lórí Channel 16. Ọmọ Gánà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń wò ó.